Ohun Tó Yẹ Kí A Mọ̀ Bí Olùwádìí Ọjà Bá Kan Ilẹ̀kùn Wa

Ìlú àwọn Urhobo ni Ovwian, ní ìjọba ìbílẹ̀ Udu, ní ìpínlẹ̀ Delta, lẹ́bàá ìlú Warri. Láti ìgbà tí a ti ṣí iléeṣẹ́ irin ńlá tó wà ní Ovwian àti Aladja ní ọdún 1982 ni àwọn òṣìṣẹ́ láti onírúurú ẹ̀yà ti ń tẹ̀dó síbẹ̀, àwa ọmọ Yorùbá sì wà lára wọn. Ibi tí òṣìṣẹ́ bá wà ni oníṣòwò ń tẹ̀lé e lọ. Lónìí, ẹni tó bá gba orí afárá Udu wọ àdúgbò náà yóò bá Urhobo, Ìtsẹkírì, Ijaw, Ìgbò àti Yorùbá nídìí ọjà kan náà, tí wọ́n ń fi èdè Pidgin dúnàá-dúrà.

Irú ìlú báyìí ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ, bísíkíìtì, ohun mímu àti àwọn tó ń ta káàdì ìpè máa ń fẹ́ gbọ́ èrò àwọn ará ibẹ̀. Nítorí náà, ó lè ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé ọ̀dọ́ kan tó so káàdì ìdánimọ̀ mọ́ ọrùn, tó sì mú ẹ̀rọ tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, yóò kan ilẹ̀kùn yín, yóò sì wí pé: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, mà. Ìwádìí ọjà ni mo ń ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ yín.” Àwọn kan nínú wa a lé irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ padà bí ẹni lé olè. Àwọn mìíràn a tú gbogbo àṣírí ilé fún un nítorí ẹ̀bùn kékeré. Ìwà méjèèjì yìí kò pé.

Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo ará mọ̀ ni èyí: èrò ọkàn yín, ohun ìní yín ni. Kò sí ẹni tó lè fi ipá gbà á lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi í fún oníbéèrè, kí ó jẹ́ òtítọ́, kí ẹ sì mọ ohun tí wọn yóò fi í ṣe.

KÍ NI ÌWÁDÌÍ ỌJÀ?

Ìyá tó ti ń ta gàrí láti ogún ọdún mọ àwọn oníbàárà rẹ̀ dáadáa. Ó mọ ẹni tó ń fẹ́ gàrí pupa tí a fi epo sí, ó sì mọ ará Ìjẹ̀bú tí kò ní ra nǹkan kan bí kò bá jẹ́ gàrí funfun tó kan. Kò nílò ẹnikẹ́ni láti bá a wádìí. Ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ tó o. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó wà ní Èkó, tó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí gbogbo ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí, kò lè rí oníbàárà rẹ̀ lójúkojú. Ìdí nìyí tó fi ń gba àwọn olùwádìí tí yóò bá a béèrè ohun tí àwọn ènìyàn ń rà, ìdí tí wọ́n fi ń rà á, iye tí agbára wọn ká, àti ohun tó ń bí wọn nínú nípa ọjà náà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é pọ̀. Èkíní ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ilé tàbí lórí fóònù. Èkejì ni ìjókòó àpapọ̀, níbi tí ènìyàn bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá ti ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, tí adarí kan sì ń tọ́ wọn sọ́nà. Ẹ̀kẹta ni ìtọ́wò, níbi tí a ti ń gbé ife méjì tí kò ní orúkọ lára fún ènìyàn, tí a ó sì fún un ní omi mu láàárín wọn, kí adùn ti àkọ́kọ́ má bàa ba ti èkejì jẹ́. Ẹ̀kẹrin ni kí a fi ọjà kan sílẹ̀ fún yín láti lò nílé fún ọjọ́ díẹ̀, kí a tó padà wá béèrè bó ti rí. Ẹ̀karùn-ún kan àwọn oníṣọ́ọ̀bù: olùwádìí a máa ka ọjà tó wà lórí àtẹ, a sì máa kọ iye tí wọ́n ń tà á sílẹ̀.

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE Ń LỌ

Olùwádìí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti iléeṣẹ́ ìwádìí tó rán an. Yóò sọ ohun tí ìwádìí náà dá lé àti bí yóò ti pẹ́ tó, yóò sì béèrè bóyá ẹ gbà tàbí ẹ kò gbà. Ó lè má sọ orúkọ iléeṣẹ́ tó ni ọjà náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ẹ̀tàn. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé iléeṣẹ́ ọṣẹ kan pàtó ló ń béèrè, ojú tì yín lè má jẹ́ kí ẹ bú ọṣẹ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè ìṣàyẹ̀wò: ọjọ́ orí yín, iṣẹ́ yín, bóyá ẹ ń lo irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ níbí ni yóò ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, tí yóò sì kọjá lọ. Ẹ má ṣe bínú. Bóyá iye àwọn ìyá ilé tó ń wá ti pé, tó sì ku àwọn ọ̀dọ́kùnrin. Bákan náà, bí ẹnì kan nínú ilé bá ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìpolówó, tàbí ní iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú ọjà náà, a kì í sábà bi í ní ìbéèrè, nítorí ojú tirẹ̀ yàtọ̀ sí ojú oníbàárà.

Àwọn kan a máa kùn pé, “Kí ló dé tí ó wọ ilé Lágbájá tí kò wọ tèmi?” Ìlànà ni. A lè sọ fún olùwádìí pé kí ó wọ ilé kan, kí ó fo méjì, kí ó tó wọ èkejì. Bí ó bá sì wọlé, ó lè ní kí a ka orúkọ àwọn àgbà inú ilé, kí ó wá lo ìlànà kan tó dà bí ìbò láti yan ẹni tí yóò dáhùn. Kò ní jẹ́ kí baálé dáhùn dípò ìyàwó tí ìbò mú, kì í sì í ṣe àfojúdi sí baálé. Bí a bá fi í sílẹ̀ láti yan ẹni tó wù ú, àwọn tó rẹ́rìn-ín sí i nìkan ni yóò bá sọ̀rọ̀, ohun tó bá sì kó jọ kò ní jẹ́ èrò ìlú.

Nígbà tí ìbéèrè gan-an bá bẹ̀rẹ̀, ẹ óò rí i pé ó ń kà á bó ti wà nínú ìwé láì fi kún un. Ó lè ní kí ẹ fi máàkì sí nǹkan, láti 1 dé 5. Ó lè béèrè ohun kan tó jọ èyí tó ti béèrè tẹ́lẹ̀; ó ń wò ó bóyá ìdáhùn méjèèjì bára mu ni. Ní ìparí, ó lè béèrè bóyá ẹ ní fíríìjì, ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ọkọ̀. Ipò ọrọ̀ ajé ilé ni wọ́n ń fi èyí mọ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò jí. Síbẹ̀, bí ìbéèrè kan kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè wí pé, “Èmi kò ní dáhùn èyí,” kí ẹ sì tẹ̀síwájú.

Ó lè gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín kí ọ̀gá rẹ̀ lè pè láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ó dé ọ̀dọ̀ yín. Ìdí pàtàkì wà fún èyí: òṣìṣẹ́ ọ̀lẹ lè jókòó sábẹ́ igi, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìdáhùn ogún ilé. Ṣùgbọ́n orúkọ yín kò gbọdọ̀ wà pọ̀ mọ́ ìdáhùn yín nínú ohun tí a ó kó lọ fún iléeṣẹ́ tó ni ọjà. Bí wọn yóò bá gba ohùn yín sílẹ̀, tàbí bí àwọn kan bá ń wo ìjókòó àpapọ̀ láti ẹ̀yìn dígí tàbí nínú kámẹ́rà, ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ èdè náà ṣe pàtàkì ní àdúgbò wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà fi ń kọ ìwé ìbéèrè. Bí ìbéèrè kan kò bá yé yín, ẹ ní kí ó tún un sọ ní Pidgin tàbí ní èdè tí ẹ̀yin méjèèjì jọ gbọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí kò yéni kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

ÌDÍ TÍ ÒTÍTỌ́ FI ṢE PÀTÀKÌ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Nínú ìwádìí ọjà, ọ̀rọ̀ yìí lè ṣẹ gẹ́lẹ́ bí a ti pa á lówe: iléeṣẹ́ lè ná owó ńlá, kí ó sì jẹ́ pé irọ́ ni ó rà.

Ní ọdún 1936, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní Literary Digest fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 10 ènìyàn láti mọ ẹni tí yóò di ààrẹ. Àwọn tó dáhùn lé ní mílíọ̀nù 2. Ìwé ìròyìn náà kéde pé Alf Landon ni yóò borí. Ṣùgbọ́n Franklin Roosevelt ló borí, ó sì mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní fóònù àti ọkọ̀ ni a ti ṣa ọ̀pọ̀ àwọn tí a kọ̀wé sí, bẹ́ẹ̀ ọdún ìyàn ni ọdún náà, tálákà kò ní fóònù, kò sì ní ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni George Gallup, tó bi ènìyàn tó kéré sí iye yẹn púpọ̀púpọ̀, ṣùgbọ́n tó ṣà wọ́n láti inú onírúurú ipò, sọ ẹni tí yóò wọlé gan-an. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé, bí àwọn alágbàfọ̀, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja bá kọ̀ láti dáhùn, ohùn àwọn olówó nìkan ni iléeṣẹ́ yóò gbọ́, ìwọ̀n ọjà àti iye owó rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀lé àpò àwọn olówó.

Ìtàn kejì jẹ́ ti Coca-Cola ní ọdún 1985. Nǹkan bíi 200,000 ènìyàn ni iléeṣẹ́ náà fún ní ohun mímu tọ́wò, púpọ̀ nínú wọn sì fẹ́ràn adùn tuntun ju ti àtijọ́ lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún náà, ó pa ti àtijọ́ tì, ó sì gbé tuntun jáde. Àwọn oníbàárà fárígá, wọ́n ń pe iléeṣẹ́ náà lọ́sàn-án lóru. Nígbà tó di oṣù Keje, ó dá ti àtijọ́ padà sórí àtẹ. Àwọn tó tọ́ ọ wò kò purọ́. Ohun tí a bi wọ́n ni wọ́n dáhùn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà kò wo bó ti máa rí lára wọn bí a bá gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ wọn pátápátá. Nítorí náà, bí olùwádìí bá béèrè ní ìparí pé, “Ǹjẹ́ ẹ ní ohun mìíràn láti sọ?” ẹ má ṣe yára wí pé rárá. Ó lè jẹ́ níbẹ̀ ni ohun tí wọn kò rò láti béèrè wà.

Ẹ̀TỌ́ YÍN LÁBẸ́ ÒFIN

Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, tún ṣàlàyé rẹ̀ síwájú sí i. Lábẹ́ òfin yìí, ẹ lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yín ṣe. Ẹ lè gbà, ẹ sì lè yí ìpinnu yín padà. Ẹ lè ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa yín hàn yín, kí wọ́n tún un ṣe, tàbí kí wọ́n pa á rẹ́. Ọmọdé kò lè dá gbà fúnra rẹ̀. Òbí tàbí alágbàtọ́ ni yóò gbà fún un. Ẹni tí a bá ṣẹ̀ lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń mójú tó ìdáàbòbò dátà, tí a mọ̀ sí NDPC.

Àwọn olùwádìí fúnra wọn ní òfin iṣẹ́. Ẹgbẹ́ wọn ní àgbáyé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ESOMAR, ti gbé ìlànà jáde láti ọdún 1948: kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni dáhùn, kí a má ṣe tú àṣírí ẹni tó dáhùn, kí ìdáhùn rẹ̀ má sì ṣe é ní ibi.

Ẹ má sì rò pé orí ìwé nìkan ni òfin wà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní kí iléeṣẹ́ Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, san 220 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀nà tó gbà lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE ÌWÁDÌÍ ỌJÀ

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ìwádìí ọjà kò nílò nọ́ńbà BVN yín, kò nílò NIN, kò nílò nọ́ńbà àṣírí káàdì ATM, bẹ́ẹ̀ ni kò nílò nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹni tó bá béèrè ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kì í ṣe olùwádìí ọjà, ẹ̀bùn yòówù kí ó gbé wá. Kò sì sí ìwádìí tó gbọdọ̀ gba káàdì ìdìbò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin Ìdìbò ka títà àti ríra káàdì ìdìbò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè mú owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n wá. Olùwádìí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, kì í sì í ta ọjà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó sì parí rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ ra ọ̀kan”, olùtajà tó da aṣọ olùwádìí bora ni.

Àpẹẹrẹ ńlá kan wà tí ayé gbọ́ ní ọdún 2018. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin ṣáájú, nǹkan bíi 270,000 ènìyàn dáhùn ìbéèrè kan lórí Facebook nípa irú ìwà tí wọ́n ní. Ètò ìbéèrè náà kó ọ̀rọ̀ wọn, ó sì tún kó ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn tí kò mọ nǹkan kan. Facebook fúnra rẹ̀ wí pé iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè tó mílíọ̀nù 87. Ọwọ́ iléeṣẹ́ ìpolongo ìṣèlú kan tó ń jẹ́ Cambridge Analytica ni dátà náà bọ́ sí. Àwọn ìwé ìròyìn sì ròyìn pé iléeṣẹ́ kan náà ti ṣiṣẹ́ lórí ìpolongo ìbò ọdún 2015 ní Nàìjíríà. Àwọn tó dáhùn rò pé ọ̀rọ̀ ara wọn nìkan ni wọ́n ń sọ. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè nọ́ńbà fóònù àwọn ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ yín, ẹ rántí pé èyí kì í ṣe tiyín láti fi tọrẹ.

Ẹ sì jẹ́ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín olùwádìí iléeṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba. Àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní NBS ń rán òṣìṣẹ́ jáde láti kọ iye owó ọjà sílẹ̀ lóṣooṣù. Inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni a ti ń mọ bí ọ̀wọ́n gógó ọjà ti ga tó. Òfin ọdún 2007 tó gbé àjọ náà ró ló fún un ní àṣẹ láti béèrè, òfin kan náà ló sì dè é láti pa àṣírí mọ́. Kì í ṣe owó orí ni wọ́n wá gbà. Ìyá ọlọ́jà tó bá bẹ̀rù tó sì dín iye owó ọjà rẹ̀ kù fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí ìjọba rò pé ara tu ará ìlú ju bó ti rí lọ.

OJÚṢE TIWA

Ẹ̀tọ́ kì í dá rìn láìsí ojúṣe. Bí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ̀. Ọmọ ẹlòmíràn tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ nínú oòrùn àti òjò ni ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ẹ bá gbà, ẹ má ṣe pe ara yín ní ohun tí ẹ kò jẹ́ nítorí ẹ̀bùn. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan kan, “èmi kò mọ̀” jẹ́ ìdáhùn tó pé. Bí ọjà ìtọ́wò bá ní ohun tí ara yín kò gbà, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó fi ẹnu kàn án. Ẹ má sì ṣe yin ọjà tí kò dára nítorí pé aláìsàn ojú tì ni yín: ìyìn èké tí a fún bísíkíìtì tí kò dára lónìí, àwọn ọmọ wa ni yóò jẹ ẹ́ lọ́la.

Kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ bi í ní márùn-ún yìí:

Ta ni ó rán yín, níbo sì ni káàdì ìdánimọ̀ yín wà?
Kí ni ìwádìí náà dá lé, yóò sì ti pẹ́ tó?
Ta ni yóò rí ìdáhùn mi, orúkọ mi yóò ha wà pẹ̀lú rẹ̀ bí?
Ṣé ẹ óò gba ohùn mi tàbí àwòrán mi sílẹ̀?
Bí mo bá yí ọkàn mi padà lọ́la, ta ni kí n pè?

Olùwádìí tòótọ́ yóò dáhùn gbogbo wọn láì bínú. Ẹni tó bá fárí fún ìbéèrè yín, kò yẹ ní ẹni tí ẹ ó dá lóhùn; ẹ kí i pé ó dàbọ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn yín.